Lùkúmọ̀n, Oníṣègùn Ìdí Ọkọ̀

Ní ọjọ́ tí orúkọ Lùkúmọ̀n kàn jákèjádò Parakou, inú kọ́fù ọkọ̀ ni ó wà, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń kó ẹrù sí. Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni. Ọkọ̀ kékeré àlòkù tí Akínwùmí, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mẹsíyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń dún kóò-kóò-kóò ní ìdí. Lùkúmọ̀n, tí í ṣe mẹkaníìkì ní àdúgbò Zongo, ti búra pé kò sí ariwo tí etí òun kò lè mú. "Mẹsíyé," ni ó wí, "ibi tí àrùn bá wà ni a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀." Ó ká ara rẹ̀ kò bí ẹní, ó wọ inú kọ́fù lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ síta, ó sì ní kí olùkọ́ máa wa ọkọ̀ lọ.

Àárín ọjà ni wọ́n gbà kọjá. Kò pẹ́ tí ohùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ìdí ọkọ̀: "Rọra! Yà sí ọ̀tún! Áà, mo ti gbọ́ ọ, ìwọ ọmọ burúkú yìí! Òní ni wà á jẹ́wọ́!" Àwọn tí ń ta wàrà wàgáṣì rí ẹsẹ̀ tí ó yọ síta, wọ́n gbé igbá wọn, wọ́n sì bẹ́ sáré. Ṣáńdáàmù kan, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, na ọwọ́ sókè, ọkọ̀ dúró.

"Mẹsíyé, kí ni ẹ gbé sí ẹ̀yìn?"

"Mẹkaníìkì ni," ni Akínwùmí dáhùn. Òógùn ti bò ó.

"Kí ni ó ṣe yín?"

Ṣáńdáàmù kò dúró gbọ́ èsì, ó ṣí kọ́fù. Lùkúmọ̀n gbójú sókè láti inú rẹ̀, inú bí i gidigidi. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á dé! Ẹ kò rí i pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Kò sí ẹni tí ó sọ ìtàn yìí tó Lùkúmọ̀n fúnra rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ṣáńdáàmù kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀; nígbà tí bàbá náà yóò fi kú, wọ́n ti di méje, ọ̀kan nínú wọn sì ti dákú. Bí àwọn ènìyàn bá rẹ́rìn-ín tán, yóò nu ojú rẹ̀, yóò ní: "Ẹ kò sì bi mí ohun tí mo gbọ́ nínú kọ́fù. Orí ara mi ni mo gbọ́, bí ó ti ń kan páànù."

Ènìyàn kúkúrú ni, ó sì sanra bí àgbá epo. Táyà lọ́rí kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà èwe, etí òsì rẹ̀ sì kú láti ọjọ́ náà. Nítorí èyí, gbogbo àrùn tí ó bá wà lára ọkọ̀, apá ọ̀tún ni ó máa ń gbọ́ ọ. Kò fi bò. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé: "Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ké ní òsì, kí ó fi ẹ̀yìn wọlé."

Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ ọjà yẹn, ó pinnu láti fi etí sílẹ̀, kí ó sì lo ọwọ́. Ó tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ bá dá yóò dìde lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Ti olùkọ́ dìde, ó wólẹ̀, ó tún dìde, ó tún wólẹ̀.

"Mẹsíyé, onígbàgbọ́ ni yín, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọkọ̀ yín ti ṣe mùsùlùmí. Ó ti kí rákà mẹ́fà, kò sì tíì sàlámà kí ìrun parí."

Ó rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pe olùkọ́ kí ó wá wò ó. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn bí ojú ewé ìwé, tí àwọn mẹkaníìkì ń pè ní rẹsọ́, ni ọkọ̀ fi ń ru ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn ti là. Rọ́bà tí ó yẹ kí ó wà láàárín irin àti irin ti jẹ tán. Ọ̀pá olóróró tí ó yẹ kí ó mú ọkọ̀ dákẹ́ ti da òróró inú rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

"Kí ni ẹ máa ń gbé?"

"N kì í gbé nǹkan kan, Bàbá. Ìwé mi nìkan ni."

Lùkúmọ̀n na ọwọ́ sí igun kọ́fù, ó sì fa èbù iṣu kan jáde tòun ti erùpẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Mẹsíyé, ìwé yín yìí ti ta gbòǹgbò."

Ojú ti Akínwùmí, nítorí pé òótọ́ ni. Ìgbàkígbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀, ìhà gúúsù, tí ń ṣiṣẹ́ ní Parakou bá gbọ́ pé ẹnìkan ń lọ sí Ìdàáṣà tàbí Ṣábẹ̀, wọn yóò gbé iṣu wá: "Ẹ bá mi fún màmá." Akínwùmí kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá. Ó gbà pé ẹni tí ó bá kọ iṣu ẹni, ìyá ẹni náà ni ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí ó gbé iṣu fún ìyá mọ́kànlá, tí ó sì gbàgbé iṣu ìyá tirẹ̀ sí ilé.

"Ìdí ọkọ̀ kọ́ ni ó ń ṣàìsàn," ni Lùkúmọ̀n wí. "Ẹnu yín ni."

Bí ó bá jẹ́ ìgbà mìíràn, olùkọ́ ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó rẹ̀, wà nínú oyún oṣù méje, oyún àkọ́kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó wá bímọ sí ọ̀dọ̀ wọn ní Ṣábẹ̀. Reluwé ń kọjá níbẹ̀, Kíkẹ́lọmọ sì fẹ́ wọ̀ ọ́. Akínwùmí ni ó ti kọ ìwé sí àna rẹ̀ pé: "Èmi fúnra mi ni n ó fi ọkọ̀ ara mi gbé ọmọ yín wá." Ó fàlà sí abẹ́ "ọkọ̀ ara mi" lẹ́ẹ̀mejì. Agbẹ̀bí sì ti kìlọ̀ pé aboyún náà kò gbọdọ̀ fò sókè-sódò lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ kò bá dá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, reluwé ni ìyàwó yóò bá dé, ọ̀rọ̀ tí a fàlà sí abẹ́ rẹ̀ yóò sì di ẹ̀sín níwájú àna.

Lùkúmọ̀n fi ọwọ́ sọ àyà. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó yóò sùn dé Ṣábẹ̀."

Olùkọ́ náà ṣe ipa tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kéde pẹ̀lú èdè tí ó dán mọ́rán pé láti ọjọ́ náà lọ, láé àti láéláé, òun kì yóò gbé iṣu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó tún un sọ ní èdè Faransé.

Lùkúmọ̀n tún apá ọ̀tún ṣe tán pátápátá kí ó tó rí i pé òsì ni rẹsọ́ ti là. Ó tún òsì ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó má baà tún là mọ́, ó mú irin méjì láti ara ògbólógbòó lọ́rí, ó sì fi kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ó tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kò mì. Ó gùn ún, ó fò lórí rẹ̀, kò mì.

"Ó ti sàlámà," ni Akínwùmí wí tayọ̀tayọ̀.

"Ó ti sàlámà," ni Lùkúmọ̀n dáhùn, ṣùgbọ́n kò dá a lójú. "Ẹ̀rù ń bà mí pé kò tilẹ̀ ní kírun mọ́."

Wọ́n gbé Kíkẹ́lọmọ lọ sí ibùdókọ̀ reluwé, wọ́n sì gbé e padà, kí wọ́n fi dán ọkọ̀ wò. Gbogbo òkúta tí ó wà lójú ọ̀nà ni ó kí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dúró, Kíkẹ́lọmọ di ikùn rẹ̀ mú, ó sì sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: "Ọkọ mi, ọmọ yín ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Kùtọnu ni irin tí ó bá ọkọ̀ náà mu ti ń bọ̀, kò sì lè dé kí oṣù tó parí. Lùkúmọ̀n jókòó sórí táyà, ó fi ọwọ́ lérán.

"Mo ti sọ ọkọ̀ kékeré di lọ́rí, Mẹsíyé. Bí mo bá sì yọ irin lọ́rí náà, yóò tún là. Lọ́rí kì í rọ̀ àfi bí ó bá rù. Ẹ lọ wá iṣu."

Ni olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Albarika, ó ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n fi iṣu rán òun. Àdùkẹ́, tí í ṣe aládùúgbò rẹ̀, wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Mẹsíyé, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ sọ ọ́ ní èdè méjì? A ti fi reluwé rán an." Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, iṣu mẹ́ta ni ó rí, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹrà.

"Iyanrìn ńkọ́, Bàbá?" ni ó bi Lùkúmọ̀n.

"Àna yín yóò ṣí kọ́fù, yóò bá iyanrìn. Kí ni ẹ ó ní ẹ gbé wá kí wọn?" Lùkúmọ̀n dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Èmi rèé. Mo wúwo tó ọgọ́ta iṣu, mo sì lè sọ̀rọ̀."

Báyìí ni mẹkaníìkì ṣe di ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀yìn, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní itan rẹ̀. Bí kòtò bá ń bọ̀ ní òsì, yóò sún sí ọ̀tún. Bí ó bá ń bọ̀ ní ọ̀tún, yóò sún sí òsì, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, Kíkẹ́lọmọ ti sùn lọ fọnfọn. Nígbà tí Akínwùmí fẹ́ yin bàbá náà, Lùkúmọ̀n fi ìka kan ètè: "Ẹ dákẹ́. Rẹsọ́ kì í sọ̀rọ̀."

Bàbá ìyàwó àti àwọn àgbà ti dúró dè wọ́n ní Ṣábẹ̀. Wọ́n yin ọkọ̀, wọ́n sì kí ọmọ wọn káàbọ̀. Nígbà náà ni bàbá ìyàwó wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Àna mi, ta ni bàbá tí ẹ gbé wá yìí? Kí ni ó wá ṣe?"

Èdè méjèèjì tí Akínwùmí ń sọ sá lọ. Lùkúmọ̀n fa ara rẹ̀ jáde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ti tẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, àgbà tí kò nítìjú ni mí. Mo rí ọkọ̀ tí ó dára báyìí, mo sì bẹ Mẹsíyé títí tí wọ́n fi gbé mi. N kò jókòó síbi tí ó tù mí tó yìí rí."

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọbẹ̀ fi jinná, òun náà sì ń bá wọn fi ara rẹ̀ ṣe é. Akínwùmí jókòó bí ọmọ ọba láàárín àwọn àna rẹ̀, ó sì jẹ́ kí irọ́ náà dúró. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Kíkẹ́lọmọ bí obìnrin láyọ̀. Bùkọ́lá ni wọ́n sọ ọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1968 ni Lùkúmọ̀n kú, ní ojú oorun. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ní ilé rẹ̀ ní Zongo, àwọn ènìyàn ń sọ ìtàn àgbà tí kò nítìjú, tí ó bẹ olùkọ́ kí ó gbé òun gun ọkọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Akínwùmí gbọ́ ọ títí, kò sì lè gbọ́ ọ mọ́. Ó dìde.

"Irọ́ ni," ni ó wí. "Kò bẹ̀ mí, èmi ni mo nílò rẹ̀. Ọkọ̀ mi kò lè rìn láìsí i."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ìwé tí ó fàlà sí, ìkéde ní èdè méjì, iṣu mẹ́ta. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíràn di ògiri mú. Kúlúsúmù, opó Lùkúmọ̀n, fi ìborùn nu ojú.

"Ó sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ tí ẹ dé, Mẹsíyé. Ó ní bí ó bá fi lè jáde lẹ́nu mi, òun yóò kọ̀ mí."

Gàní awakọ̀ lọ́rí gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. "Lọ́rí tí a ní Lùkúmọ̀n gbàgbé láti de táyà rẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo gbàgbé. Ó ní kí n dákẹ́, pé orúkọ òun ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, pé ó lè gba ọ̀kan sí i."

Ẹlòmíràn tún dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi tirẹ̀ tí Lùkúmọ̀n bá a rù. Ẹlòmíràn sì tún dìde. Ẹ̀rín ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ohùn àwọn ènìyàn sì ń rẹlẹ̀, títí tí a fi pe ìrun àlàásárì. Lẹ́mọ́mù tí ó darí àdúrà náà gbé ìwé rẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wọ bàtà rẹ̀ ẹyọ kan, ó sì dúró.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan," ni ó wí. "Èmi náà ní ọ̀kan."

Kúlúsúmù sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó sì fi ààyè sílẹ̀ fún un.