Omi Àkọ́kọ́ ní Gberefu

Owó àpò piọ́ wọ́tà kan lónìí ju owó oúnjẹ oṣù kan mi ní yunifásítì lọ. Nígbà èwe wa, ta ní ń ra omi? Ṣùgbọ́n títí n ó fi kú, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ yọ ní Gberefu.

Èmi, Délé àti Mautin la jọ máa ń gun òkè nígbà tí a wà ní yunifásítì. Mautin nìkan ni kò jáwọ́. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó lọ gun òkè ńlá kan ní Kẹ́ńyà, kí àwọn èèyàn lè dáwó fún omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Gberefu, abúlé rẹ̀. Sẹnami àbúrò rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, inú ilẹ̀ lomi wà, ẹ̀yin ń wá a lọ sókè!"

Mautin rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ni wàá kọ́kọ́ mu ún."

Owó náà pé, wọ́n sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí i, èmi àti Mautin wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àgbádárìgì. Bí a ṣe gúnlẹ̀ la gbọ́ ẹkún. Àrùn onígbáméjì ti pa Sẹnami. Àwọn obìnrin ti pọn omi kànga tí wọn ó fi wẹ òkú rẹ̀.

"Ẹ má fi omi yẹn kàn án!" ni Mautin kígbe.

Ó sáré lọ ṣí ẹ̀rọ. Omi tú jáde, ó mọ́ gaara. Ó ru korobá àkọ́kọ́ wọlé fún àbúrò rẹ̀.

Omi náà ṣì ń yọ. Délé ti kú tipẹ́, Sẹnami náà ti lọ. Ó ku èmi àti Mautin, tí kì í gun òkè mọ́.