Róòsì Tó Ń Mu Omi Àlùwàlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe inú òjò bíi ti Hyattsville níbí là ń gbé o. Ẹnu aṣálẹ̀ ni, lókè ilẹ̀ Niger, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ń kùn pé ooru Maryland fẹ́ pa yín, ẹ ò tíì rí ooru! Iyanrìn ibẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀ bí ẹyin iná.

Ibẹ̀ náà ni ìyá mi ti ní àwọn fẹ́ gbin òdòdó róòsì. Aládùúgbò wa kan ló gé ẹ̀ka fún wọn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní bí kò bá tíì tanná kí Iléyá tó dé, àwọn á fà á tu, àwọn á so àgbò àwọn síbẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni òjìji ògiri dé. Ìyá mi kàn ní, "Ẹ jẹ́ kó di Iléyá ná." Ṣùgbọ́n ó dùn wọ́n. Ará ilé kankan ò sí nítòsí, òdòdó yẹn nìkan ló ń tù wọ́n nínú.

Omi kànga ò tó mu, ká má tíì sọ ti òdòdó. Ojúbọ̀rọ́ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ni ìyá mi bá dá ọgbọ́n. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá nínú ilé wa, ìdí róòsì ni kó ti ṣe é. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́! Àfi bàbá mi nìkan, tó ń ṣe tiwọn ní mọ́ṣáláṣí.

Èmi wá rò pé bí márùn-ún bá dára, mẹ́wàá á dára jù. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, mo gbé kẹ́tù tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, omi rẹ̀ sì ń ta mí lọ́wọ́. Mo ṣe àlùwàlá, mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, mo ń dà á sára ewé. Ìyá mi bá mi níbẹ̀.

"Kí ló ba àlùwàlá ẹ jẹ́, ìwọ ọmọ yìí?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ewé ti rọ. Mo sunkún! Ìyá mi ò nà mí. Wọ́n gé e kù bí ìka ọwọ́, wọ́n fi àkísà ẹní ṣíji bò ó, a sì ń bá àlùwàlá wa lọ. Bàbá mi ti ra àgbò.

Háà, afẹ́fẹ́ tútù dé, kùkùté yẹn rúwé, ó rudi! Láàárọ̀ Iléyá, mo sáré jáde: ó ti tanná, pupa fòò! Bàbá mi ń ti ìrun àsùbáà bọ̀, okùn àgbò wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró. Wọ́n gbé okùn kọ́ èjìká, wọ́n bu omi sí kẹ́tù, wọ́n lóṣòó sídìí róòsì, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun dé! Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ayé ti yí padà. Níbí, òjò ti bomi rin róòsì ẹ̀yìn ilé wa kí n tó jí, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe àlùwàlá. Ìyá yín á ti ibi iṣẹ́ ní ọsibítù dé, á ní, "Màámi, ẹ fi hose bomi rin ín jàre, àwọn neighbours ń wò yín o." Mo ní kí wọ́n máa wò.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá àbúrò yín obìnrin nídìí rẹ̀ tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í pé kí ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Ó ní, "Kò bàjẹ́, Grandma. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Mo bu omi tútù sí kẹ́tù, mo gbé e fún un pé kó ṣe ìkẹta.