Ibi Tí Wọ́n Ti Rẹ́rìn-ín

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé wa ní Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi kì í wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni mo máa ń jókòó sí, tí màá kọjú sí àwọn òǹwòran, pẹ̀lú ìwé kékeré kan lórí itan mi. Bí wọ́n bá húkọ́, màá kọ ọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, màá kọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Olódì-Àpápá, ibi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún gan-an ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Nínú eré náà, obìnrin kan ń dín ẹja lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé odò ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Òṣèré wa figbe ta, ó ṣubú, ó ń yí gbirigbiri. Ẹ̀rín sọ láti ìlà kẹta.

Ẹnì kan tilẹ̀ kígbe pé, "Sístà, ẹ rọra o, sìmẹ́ńtì yẹn ò ṣẹ̀ yín!"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Àpápá GRA, níbi tí a ti ṣe eré kan náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ńṣe ni wọ́n ń nu omijé.

Òṣèré náà ti wà lọ́dọ̀ mi fún ọdún mọ́kànlá. Bó ṣe ń nu àtíkè kúrò lójú, ó ní, "Àǹtí, tí wọ́n bá tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sátidé, mo fi eré ṣíṣe sílẹ̀ nìyẹn. Màá lọ máa bá ẹ̀gbọ́n mi ta aṣọ."

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n rí.

Mo dá ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín mọ̀. Màmá kan ni, tó ń dín ẹja nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Snake Island. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá a.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín lánàá?"

"Ṣé ìwọ lo jókòó tó ò ń wò wá bí ọlọ́pàá?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ yẹn ò dín ẹja rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ti ikú ọkọ mi fún mi, ẹja wà nínú òróró. Mo yí i padà. Mo yọ ọ́. Mo pa iná. Ìgbà yẹn ni mo wá bi wọ́n pé, 'Ẹ ní kí ni?'" Ó sọ èjìká. "Àbí kí n jẹ́ kó jóná? Ṣé ẹja ló pa á ni?"

Ọ̀sán mẹ́ta ni òṣèré wa fi bá a dín ẹja. Òróró ta sí i lọ́wọ́, kò sì ráhùn.

Ní Sátidé, nínú gbọ̀ngàn kan náà, a gbé sítóòfù àti ẹja gidi sórí ìtàgé. Wọ́n sọ̀rọ̀ ikú náà fún un. Ó yí ẹja mẹ́rin padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ wọ́n. Ó pa iná.

"Ẹ ní kí ni?"

Kò sẹ́ni tó húkọ́. Ní ìlà kẹta, màmá yẹn ò sunkún, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí nǹkan padà lórí itan rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ó wá bá wa.

"Ọmọ mi, ẹja kẹta ò tíì jinná tó o fi yọ ọ́."

Òṣèré náà kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ má bínú, mà. Ní Sátidé tó ń bọ̀, á jinná."