Kárọ́ọ̀tì Tí Mo Fún Omi Rẹ̀ Dànù

Láti Ẹdẹ dé Sékọ̀nà, ẹni tó bá ń lọ ẹ̀gẹ́ tó ní òun ò mọ̀ mí, irọ́ ló ń pa. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́, èmi ni mo ń tú u, èmi náà ni mo ń tò ó padà. Gàrí tó bá ti ọwọ́ mi kọjá, ó yàtọ̀.

Nígbà tí a gbé ìyàwó mi dé láti ọsibítù, kò lè jẹun mọ́. Bí òórùn ata bá ti kàn án nímú, èébì ni. Ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan. Ní ọjọ́ kẹrin ló pè mí:

"Bàbá wọn, kárọ́ọ̀tì àti bíìtúrúùtù pupa yẹn ló wù mí jẹ. Kí wọ́n má sè é o. Kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e."

Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò wọ ìdáná rí. Àwọn ìyàwó àbúrò mi ní àwọn á bá mi ṣe é, mo kọ̀. Ohun tó bá ti ń ta sínú ilẹ̀, ta ló fẹ́ kọ́ mi?

Mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo bó wọn. Mo gbé páànù kan jáde tí ìyá mi fi ìṣó dá lu, mo fi rin wọ́n. Mo dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́, mo lọ́ ọ, mo fún un títí kò fi kán mọ́. Omi inú ẹ̀gẹ́ tútù lè pa èèyàn; ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi nìyẹn. Mo da omi pupa náà sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyàwó àbúrò mi kan rí i. "Ọkọ wa, ẹran wo lẹ pa tí ẹ ò pè wá?"

"Bí o bá tọ́ ọ wò," mo ní, "o ó fi ìdáná sílẹ̀ fún mi."

Ọmọbìnrin wa àgbà, tó ti Òṣogbo wá tọ́jú ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. "Bàbá mi, omi rẹ̀ dà?"

"Mo ti fún un dànù. Ṣé májèlé ni kí n fún ìyá ẹ jẹ ni?"

"Háà! Kárọ́ọ̀tì lẹ fún bí ẹ̀gẹ́? Gbogbo adùn rẹ̀ lẹ dànù yẹn!"

Ìyá rẹ̀ gbórí lórí ìrọ̀rí. "Pa ẹnu ẹ dé. Bàbá ẹ ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Gbé e wá."

Ó jẹ ẹ́. Ó ń jẹ, ó ń fi omi tì í. Ó jẹ ẹ́ tán. "Ó dùn, bàbá wọn. Ẹ kú iṣẹ́."

Mo lọ sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó gbé ẹ̀gẹ́ wá pé ẹni tí dókítà ò rí nǹkan ṣe sí, èmi ni mo mú un jẹun.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ó ní kí n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ti ọmọ mi, mi ò fún omi rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e dé, ọ̀fun rẹ̀ ò gba nǹkan kan mọ́. Ṣíbí kan tí a fi sí i lẹ́nu, ó ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, ó ti dákẹ́.

Nígbà tí a sin ín tán tí èrò tú ká, mo rí abọ́ kárọ́ọ̀tì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Omi rẹ̀ kún ẹnu mi, ó tutù, ó dùn bí ìrèké. Èyí tí mo fún un jẹ níjọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyàwó mi mọ̀. Ó sì jẹ ẹ́ tán nítorí tèmi. Èmi tí mo ń fọwọ́ sọ̀yà káàkiri, mi ò lè gbé ṣíbí kejì.