Ṣíà Tí Búrẹ́mọ̀ Pè Ní Òkú

Tí ẹ bá dé àdúgbò Pákò ní Igbó-Ọrà, tí ẹ ní ilé Búrẹ́mọ̀ Pọ́síọ́fíìsì lẹ ń wá, ọmọdé ló máa mú yín débẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ta sítáǹbù ní Èrúwà, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń kọ lẹ́tà síra wọn. Iṣẹ́ náà kò sọ ọ́ di olówó, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ olóṣèlú kò kàn án, bọ́ọ̀lù kò kàn án. Ojú ìwé tí wọ́n ń to iye owó ṣíà sí ni tirẹ̀, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ rí wínníwínní bí ẹyin èèrà.

Ó nídìí. Bàbá rẹ̀, Àlájì Gàníyù, ṣiṣẹ́ ogún ọdún ní Èkó, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọṣẹ Ìmọ́tótó, ó sì ń ra ṣíà ibẹ̀, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Búrẹ́mọ̀ a kọ iye tí wọ́n ta ẹyọ kan nínú ṣíà náà sínú ìwé àjákọ, a sì kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe é, kò fo ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ìwé yẹn ló ti mọ̀ pé bí ọjọ́ tí wọ́n máa pín èrè bá ti ń súnmọ́, owó ṣíà a máa lé díẹ̀. Tí wọ́n bá pín in tán, a tún wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn tíṣà tó ní ṣíà díẹ̀díẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún a máa wá bi í léèrè ọ̀rọ̀, òun náà a sì wú bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà. Ó gbà pé ẹni tó bá mọ iye tí ọjà jẹ́ lánàá kò lè ṣìnà lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí pé ó ṣìnà.

Ní ọdún 2018 ni Àlájì Gàníyù kú. Ìyàwó méjì ló fẹ́, àwọn méjèèjì sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Búrẹ́mọ̀ nìkan ni ìyálé bí, Ràhmọ̀t nìkan ni ìyàwó kejì bí. Ràhmọ̀t yìí ń ṣe láfún tà. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, nítorí pé lọ́dún yẹn owó tó wà nílẹ̀ kò tó ẹni méjì, ti Búrẹ́mọ̀ ni wọ́n sì san. Bàbá wọn kò gbàgbé. Títí ó fi kú ló ń sọ pé, "Ràhmọ̀t ni mo fi ṣíà yìí pa mọ́ fún." Ó ń fẹnu sọ ọ́ ni o, kò kọ ọ́ síbì kankan.

Nígbà tí ọjọ́ ogún pípín dé, àwọn àgbà ẹbí ní ìdí-igi, ìpín kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni àwọn máa fi pín in. Ilé di ti ẹbí. Ó ku oko kajú tó wà lọ́nà Ìdèrè, ó sì ku ṣíà. Àṣà ilé wọn ni pé ẹ̀gbọ́n ló ń pín, àbúrò ló ń kọ́kọ́ mú, kí ẹni tó ń pín má baà mú kí ọ̀kan wúwo ju ìkejì lọ. Àṣà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá a sílẹ̀ kò ronú kan ọjọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó ń pín nìkan ló máa mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, Búrẹ́mọ̀ ṣí ìwé ìròyìn. Náírà ọgọ́ta ni ṣíà Ọṣẹ Ìmọ́tótó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó rò pé àwọn tó tẹ̀wé ló ṣì í tẹ̀. Ó ra ti ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni. Ó tú ìwé àjákọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú, kò rí ọdún kan tí nǹkan ti já wálẹ̀ báyẹn rí. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè nìyẹn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ta ni ì bá tún ti béèrè, nígbà tó jẹ́ pé òun ni àwọn èèyàn ń wá bi?

Ràhmọ̀t kúnlẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Èwo ni kí n mú?"

"Mú oko," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ṣíà yẹn ti kú. Èmi ni màá gba òkú ọjà."

Àwọn àgbà ṣàdúrà fún un títí. Wọ́n ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Omi bọ́ lójú Búrẹ́mọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwà rere tirẹ̀ ló ń pa á lẹ́kún.

Ìwé kóòtù àti ìwé báńkì tí wọ́n fi ń sọ ṣíà òkú di ti alààyè gba ọdún mẹ́ta gbáko. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n pè é sí Ìbàdàn, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń báni ra ṣíà tó sì ń báni tà á. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zachariah ló dá a lóhùn.

"Bàbá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ni ṣíà yín."

"Rárá, ọgbọ̀n ni."

"Ọgbọ̀n ni tẹ́lẹ̀, sà. Ní 2018 ni ilé-iṣẹ́ náà pín ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo èèyàn." Èkó, ilé tí Àlájì ti kó kúrò láti ọdún gbọ́nhan, ni lẹ́tà tirẹ̀ lọ.

Búrẹ́mọ̀ fa ìwé àjákọ rẹ̀ yọ, ó fi ọ̀gbun náà han Zachariah: ọgọ́ta, lẹ́yìn náà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọkùnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwé yín kò purọ́, sà. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń ta odindi iṣu ní ọgọ́ta náírà, tó wá gé e sí mẹ́rin, tó ń ta ègé kan ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣé owó iṣu ti já wálẹ̀ nìyẹn? Tí ẹ bá ń ka owó ayé àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun kan náà ni wọ́n ṣì ń tà."

Ó tẹ ìwé kan fún un láti inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀wọ́ méjì ló wà níbẹ̀: iye tí wọ́n tà á gan-an lóṣù kọ̀ọ̀kan, àti iye náà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò pípín yẹn mọ́ ọn. Nínú ọ̀wọ́ kejì, kò sí ọ̀gbun kankan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, ó ń gòkè jẹ́jẹ́ títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ìyẹn ọjọ́ náà gan-an: náírà méjìlélọ́gbọ̀n. Owó tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Oko kajú Ràhmọ̀t kò tó mílíọ̀nù kan.

Inú Búrẹ́mọ̀ dùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, òun ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù títí dòní. Kí ó tó rántí Ràhmọ̀t, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èrúwà. Nígbà tó rántí rẹ̀, ó ní òun máa sọ fún un lọ́la. Lọ́la, àlejò wà nílé rẹ̀. Lọ́túnla, ó ní kí òun kọ́kọ́ gba èrè ọdún yẹn. Ó gbà á, ó fi ṣe páánù tuntun sórí ilé. Ṣé páánù tí èèyàn ti kàn mọ́lẹ̀ ṣeé tú dá padà ni?

Bí Ràhmọ̀t bá ti kórè, ó di dandan kí ó gbé ẹ̀gúsí tó gbìn sáàárín kajú, tó ti bó tán, wá fún un, pẹ̀lú nínú owó kajú. Ó ní kò yẹ kí òun nìkan máa jẹ ogún bàbá. Búrẹ́mọ̀ ń gbà á. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà a dà bí eérú lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín ní mọ́ṣáláṣí, á máa wo ẹní. Ó mọ̀ pé àìmọ̀ ni ti ọjọ́ ogún, ṣùgbọ́n kí ni ti ẹ̀yìn rẹ̀? Olè ni, kò sì ní orúkọ mìíràn tó lè fún un.

Nígbà tó di ọdún 2024, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Búrẹ́mọ̀ kò lè mú owó jáde kí wọ́n má béèrè ibi tó ti rí i, ló bá ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Ràhmọ̀t wọlé tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ẹni tó máa ra oko. Ọ̀túnla ló máa san owó. A máa fi ṣe ojú yín."

"Oko wo?"

"Oko kajú náà ni. Ẹ gba òkú ọjà nítorí tèmi. Ṣé kí n máa wò yín níran kí ojú yín fọ́ ni?"

Búrẹ́mọ̀ gbìyànjú láti wá irọ́ kékeré kan tó máa gbà á sílẹ̀, kò rí. "Má ta oko," ló wí. "Ràhmọ̀t, má tà á. Ṣíà yẹn kò kú. Kò kú rí." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìwé ìròyìn títí dórí páánù.

Ràhmọ̀t fa àga, ó jókòó. Ó wá ní, "Ọjọ́ wo lẹ mọ̀?"

Búrẹ́mọ̀ nawọ́ ìwé Zachariah sí i. Òun kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. "Ìlà tó gbẹ̀yìn ni."

Obìnrin náà fi ìka tọ àwọn ìlà náà láti òkè wá, ó ń kà wọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú ìwé kíláàsì mẹ́rin rẹ̀, kò sì fo ìkankan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ka déètì náà sókè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ẹ̀gúsí wá láti ọjọ́ yìí," ló wí.

"Gbogbo rẹ̀ ni màá kó fún ẹ. Foríjì mí."

"Ti ọjọ́ tí a pín ogún, mo ti foríjì yín. Ẹ ò mọ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà yìí wá ni mi ò mọ ohun tí màá ṣe sí. Ẹ tà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ojú yín. Lọ́jọ́ Ajé, a jọ máa lọ bá Zachariah. Èmi ni màá ka ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú wa."

Láti kékeré, Ràhmọ̀t kì í kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ náà ó dìde, ó bọ bàtà rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀, ó sì lọ.