Tírà Ọrùn Ajá

Ìfura ni a fi ń dáàbò bo ara wa nílé wa. Bàbá mi kì í jókòó kó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, èmi náà kì í mu omi tí mi ò rí ẹni tó bù ú. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, mo sì ti gbà pé àgbà ni mí láti kékeré. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin ẹnjiníà kan tó ti Amẹ́ríkà dé kọ́lé sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsẹ́yìn, tí kò sì mọ ògiri yí i ká, mo bi ara mi pé kí ló gbójú lé.

Àwọn olóṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà lọ́wọ́ àwọn sójà ni nígbà náà. Ẹni tó bá kọ́lé, ògiri gíga ló ń mọ, á sì to àfọ́kù ìgò sí i lórí. Iṣẹ́ títì ló gbé ọkùnrin yìí dé àdúgbò wa, Ọ̀gá Onítítì la sì ń pè é. Ó ní òun ò fẹ́ ògiri, pé òun fẹ́ máa rí àwọn òkè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ sí òun. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ti Amẹ́ríkà wá wo òkè?

Lọ́jọ́ kan, mo rí òun àti lébìrà méjì tí wọ́n ń fi ọkọ́ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé náà ká. Kòtò náà kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n tẹ́ wáyà kan sínú rẹ̀, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Wọ́n wá so aṣọ funfun kékeré mọ́ orí àwọn irin tín-ín-rín, wọ́n gún wọn mọ́lẹ̀ tẹ̀lé ojú ibi tí wọ́n rì wáyà náà sí. Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn mọ ohun tí à ń pè ní àálè. Èèyàn á so àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ igi lẹ́bàá oko rẹ̀, olè á rí i, á mọ̀ pé ohun tí ojú rí kọ́ ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Àálè kan ṣoṣo ló máa ń tó oko. Tirẹ̀ lé ní ogójì. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, kà á dé ìdajì, ó ní òun ò kà mọ́, kí ohun tó wà níbẹ̀ má baà máa ka òun náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá náà kó ajá méjì dé, ajá òyìnbó, onírun bí àgùntàn. Ohun dúdú kan báyìí, tó tó páálí ìṣáná, wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ń fi okùn mú wọn rìn lọ síbi àwọn aṣọ funfun yẹn láràárọ̀. Bí ajá bá dé ibẹ̀, á ké, á fò sẹ́yìn, òun á sì máa fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń ki ọmọ tó gba ipò kìíní. Nígbà tó ṣe, ó fa gbogbo aṣọ náà tu. Kò sí ohunkóhun tí ojú ń rí mọ́. Síbẹ̀, ewúrẹ́ á kọjá lẹ́bàá títì, ajá á gbá tọ̀ ọ́ bí ẹni tí yóò fà á ya, á dé ojú ibì kan lórí ilẹ̀ gbalasa, á dúró gbagidi, á máa wo ilẹ̀. Ewúrẹ́ náà á mọ̀, á dúró síwájú rẹ̀, á máa jẹ koríko.

Mo lọ dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀gá náà wà níbi iṣẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ lásán kọjá ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, nítorí ohun tó bá mọ ẹni tí yóò mú àti ẹni tí kò ní mú kì í ṣe ohun lásán.

Iṣẹ́ awọ ni iṣẹ́ ìdílé wa. À ń rán àpò ọdẹ, à ń rán àkọ̀ ọ̀bẹ àti tìmùtìmù, ṣùgbọ́n tírà ló ń gbọ́ bùkátà ilé mi. Àáfà á kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sínú bébà, á ká a, á fi òwú dì í, èmi á sì fi awọ bò ó, kí ẹni tó ni ín lè gbé e kọ́ ọrùn tàbí kó so ó mọ́ apá. Bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó ń rán tírà kì í tú u wò, kì í sì í sọ ẹni tó ni ín. Obìnrin tí kò rí ọmọ bí, oníṣòwò tí ọ̀tá ń bá jà, ọkùnrin tó ń dọdẹ ìyàwó oníyàwó, àṣírí gbogbo wọn ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ wa kọjá, a ò sì mọ nǹkan kan.

Ó di ọjọ́ kan, ọ̀gá náà sọdá títì wá bá mi. Ọ̀kan nínú àwọn ajá rẹ̀ ti jẹ okùn ọrùn èkejì já.

“Ẹ káàsán, Bàbá Ìbejì. Awọ tó nípọn díẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi pààrọ̀ okùn yìí.”

Ó gbé ohun dúdú náà lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Eyín irin kéékèèké méjì yọ lára rẹ̀, kò sì sí ojú ibi tí èèyàn lè ki èékánná bọ̀.

“Kí ló wà nínú rẹ̀, ọ̀gá?”

“Ẹ̀rọ ni. Wáyà tó wà nílẹ̀ yẹn ló ń pè é. Bí ajá bá ti súnmọ́ wáyà, èyí á kọ́kọ́ dún sí i létí. Bí kò bá padà, á ta á lọ́rùn. Ẹ dákun, ẹ má ṣí i o. Bí ẹ bá ti ṣí i, ó bàjẹ́ nìyẹn.”

Mo wò ó lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan wà nínú ilẹ̀ tó ń pe ohun tó wà lọ́rùn, a kò sì gbọdọ̀ ṣí i, nítorí bí a bá ṣí i, ó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Àáfà ń sọ fún mi nípa tírà gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ní kò burú, mi ò ní ṣí i.

Mo rán an. Mo tiẹ̀ rán an dáadáa, torí ọwọ́ mi ò mọ iṣẹ́ jákujàku ṣe. Awọ pupa tí mo fi ń rán tírà ló wà nílẹ̀, òun ni mo lò. Ìgbà tí mo parí tí mo gbé e síwájú ni mo rí i pé tírà gan-an ló jọ. Ìyá Ìbejì gbé oúnjẹ wọlé, ó bi mí pé tírà ta ló tóbi tó báyìí. Mo ní ti ajá ni. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, abẹ́rẹ́ wo lẹ fi rán an?”

Abẹ́rẹ́ kan náà ni. Nílùú wa, bí ajá bá fẹnu kan aṣọ ẹni, a ò ní fi kírun àfi tí a bá fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wá gbọ́ pé mo gbé tírà kọ́ ajá lọ́rùn, Àáfà wo ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún mi? Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní sọ pé nítorí Ọlọ́run ni. Nítorí iṣẹ́ mi ni. Mo gbé okùn náà fún oníǹkan, ó dè é mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ń rí awọ pupa mi. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́ tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, èmi ni ọ̀daràn. Bí èmi bá kọ́kọ́ sọ ọ́, èmi ni ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo lọ bá Àáfà àgbà kan, ẹni tí ohun tó ju ìdajì tírà tí mo ń rán ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń wá. Mo sọ ohun gbogbo fún un.

“O rí ohun tó wà nínú rẹ̀?”

“Mi ò rí i. Ó ní kí n má ṣí i. Ohun tó jẹ́ kí n fura nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, Àáfà kó àgbà mẹ́rin lẹ́yìn, a lọ sílé ọ̀gá náà. Ọkùnrin náà ṣàlàyé títí, kò yé ẹnì kankan. Ó wá tú okùn awọ pupa náà lọ́rùn ajá, ó dè é mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó rìn lọ síbi wáyà. Ara rẹ̀ gbọ̀n, ó fò sẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rí i, iná lásán ni.”

“Iná tí ojú ò rí ló ta á yẹn,” ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà wí.

Àáfà ní kí a ṣí i. Ọ̀gá náà bẹ̀bẹ̀ pé kò sí ibi tí òun ti lè rí irú rẹ̀ rà ní gbogbo Nàìjíríà. Àáfà ní bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin náà wá yíjú sí mi. Kò béèrè ẹni tó sọ ọ́. Ó tú u lọ́wọ́, ó nà án sí mi.

“Ẹ̀yin lẹ rán an, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ tú u.”

Mo fi abẹ gé ojú ibi tí mo rán, mo fi irin fọ́ ara ohun dúdú náà. Wáyà pupa àti òféèfé tó rí tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì kékeré kan. Mo dojú rẹ̀ dé, mo gbọ̀n ọ́n. Bébà kankan ò jábọ́. Lẹ́tà òyìnbó mélòó kan tó wà lára bátìrì nìkan ni ohun kíkọ tó wà níbẹ̀. Àáfà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ṣàdúrà fún un. Ọ̀gá náà ṣa àwọn àfọ́kù náà sínú áńkáṣíìfù. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì,” bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bá a rán an.

Inú mi dùn délé, torí kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé mo gbé tírà kọ́ ajá lọ́rùn. Ìyá Ìbejì bi mí bóyá mo máa lọ bẹ ọ̀gá náà. Mo ní ẹ̀bẹ̀ wo? Ṣé èmi ni mo ní kó gbé ohun tó jọ tírà kọ́ ajá lọ́rùn? Ajá tí a tú ti ọrùn rẹ̀ kò sì tètè kọjá ojú wáyà náà jáde. Ọrùn rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ á sáré dé ojú ibẹ̀, á dúró. Ọ̀gá ní ajá ò tíì mọ̀ pé kò sí nǹkan lọ́rùn òun mọ́ ni. Mo ti fojú ara mi rí inú nǹkan náà, mo sì tún ń fura. Nígbà tí ajá náà wá jáde lọ lépa ewúrẹ́ dé ẹ̀yìn ọjà, ọ̀gá pe bíríkìlà, ògiri rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo wa lọ.

Èmi ò kíyè sí i pé iṣẹ́ ti ń dínkù. Obìnrin kan kọ́kọ́ wá gba tírà ọmọ rẹ̀ tí mi ò tíì rán, ó ní òun ń lọ sí Ìpápó, òun á rán an níbẹ̀. Òmíràn náà wá, Ìpápó lòun náà ń lọ. Àwọn ọdẹ ṣì ń gbé àpò wá, ṣùgbọ́n ọjà kan kọjá, méjì kọjá, mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò gbé tírà wá. Àáfà fúnra rẹ̀ ló wá nígbẹ̀yìn, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Tírà rẹ̀ mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi kí ọ̀rọ̀ ajá tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n kó wọn wá.

“Mo máa parí wọn lọ́la, Àáfà.”

“Kó wọn fún mi bẹ́ẹ̀.”

Mo ní bó bá jẹ́ nítorí abẹ́rẹ́ ni, mo ti jù ú nù, mo ti ra tuntun.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ọkùnrin yẹn gbé nǹkan rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ó ní kó o má ṣí i, o gbà. Lẹ́yìn náà lo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá mi.”

“Àáfà, ẹ̀yin náà lẹ ní kí a ṣí i.”

“Èmi ni. Mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tí mo ń kọ tírà fún ló ń bi mí pé ọjọ́ wo ni ìwọ yóò fura sí tiwọn.”

Mo kó wọn jáde láti inú àpótí. Láti ayé bàbá mi ni ọkùnrin yìí ti ń gbé iṣẹ́ wá sílé wa, mi ò sì tú tírà kankan wò rí láyé mi. Ó gbà wọ́n, ó bọ́ síta sínú oòrùn. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn súnmọ́ ojú, ó yẹ ibi tó ti ta kókó òwú wò dáadáa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó tó kó wọn sápò.