Àyíká Kejì

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí obìnrin náà ti ń tẹ ìwé ẹjọ́ fún àwọn agbẹjọ́rò, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń tẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá ṣìnà, á dúró, á padà, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀. Ìwé tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ní àbùkù. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín nìyẹn, òun náà ni kò sì jẹ́ kó lè fọn orin jáàsì.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta kó tó fọwọ́ kan fèrè sasofóònù. Ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ti ń kọ́ ọ nílé: á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, á kọjú ẹnu fèrè sí àwọn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, kí aṣọ lè gbé ariwo mì. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù òun ti ń dún bí òun bá wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ò ṣàwàdà ní tirẹ̀.

"Mọ́mì, àwọn ẹgbẹ́ yín ń sinmi."

"Kí wọ́n sinmi dáadáa. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Kò tíì rẹ̀ mí."

Lọ́sàn-án Sátidé, á gbé fèrè lọ sí yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, níbi tí òórùn rọ́bà ti ń gba àárín pákó gòkè wá. Àwọn mẹ́rin ló ń pàdé níbẹ̀. Ọ̀gá, tó ń tẹ dùùrù, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Káfíńtà kan ló ń lu ìlù, àbúrò rẹ̀ ń ta gìtá. Obìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé.

Orin tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ò le. Bí a bá ka mẹ́rin nígbà méjìlá, orin ti yí dé ìbẹ̀rẹ̀ padà. Àyíká kan nìyẹn. Nínú àyíká tẹni, ohun tó bá sọ síni lọ́kàn lèèyàn á fọn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, ohùn karùn-ún ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dúró, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún un fọn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti lọ. Wọ́n ti ń dé òpin, òun ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Sátidé kejì, bákan náà.

Káfíńtà ní ó dà bí ẹni tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń sáré nítorí bọ́tìnì tó já bọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní onífèrè mìíràn wà tó ń wá àga jókòó. Bí Akọ̀wé bá tún padà sẹ́yìn ní Sátidé tó ń bọ̀, kó dìde fún un. Ó fi kún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kò sí ìtìjú níbẹ̀, pé àwọn kan wà tí Ọlọ́run dá fún ohun tó wà nínú ìwé.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn ló dùn ún jù. Lọ́sẹ̀ náà, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó ṣí fèrèsé. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ohùn fọn, á sì máa lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ pé kó padà, bí ẹni tí ikọ́ ń rìn lọ́fun tí kò sì gbọdọ̀ wúkọ́. Aládùúgbò kan bi í láti ojú ọ̀nà pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní nǹkan wà, pé nǹkan ọ̀hún ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, onífèrè kejì ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fèrè rẹ̀ lórí itan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó kan Akọ̀wé, ó dìde. Ohùn mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Ìkẹrin ya bí aṣọ. Ọ̀gá gbójú sókè lórí dùùrù.

Ètè rẹ̀ fẹ́ padà. Kò gbà fún un. Ó tẹ̀ lé ohùn burúkú yẹn, ó rí i pé ó ń lọ síbìkan, ó sì bá a débẹ̀. Òmíràn ya, ó ré e kọjá. Káfíńtà ti gbé ojú kúrò nílẹ̀, ó ń wò ó lẹ́nu, ó ń lù fún un. Nígbà tí kíkà pé méjìlá, gbogbo wọn jọ dé ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kan sókè láti dá a dúró. Akọ̀wé rí ọwọ́ náà kedere. Ó mí kanlẹ̀, ó wọ àyíká kejì, ó sì di dandan kí wọ́n bá a lọ. Ohùn méje ló ṣi fọn nínú ìyẹn. Ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, kò yà kí ìkankan.

Ó parí rẹ̀, ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

"Ta ló ní kí ẹ tún un yí, Akọ̀wé?" Ọ̀gá ló bi í.

"Kò sẹ́nì kan."

"Àyíká kan ṣoṣo ni mo fún yín."

"Ìyẹn lẹ fún mi, Ọ̀gá. Èkejì, èmi ni mo mú un."

Káfíńtà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wo Akọ̀wé, ó ní àwọn ohùn kan burú níbẹ̀ o. Akọ̀wé ní òun mọ̀, pé òun gan-an lòun fọn wọ́n. Ó jókòó, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ dùùrù, ó sì sọ fún onífèrè kejì pé àga wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́. Bó bá fẹ́ bá wọn fọn, kó lọ gbé e gòkè wá.